Ìyá Àgbà Ò Ní Rọ Ọta

Ìyá àgbà ju ègé àbẹ́là sínú òjé tó ti yọ́, iná sì là gbùù lójú ìkòkò. Mo fò sẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ojo! Ṣé ibi tí mo ní kó o jókòó sí nìyẹn?" Apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ló ní kí n máa jókòó sí, torí ó mọ̀ pé májèlé ni èéfín òjé. Bí mo bá sì fẹ́ jẹ búrẹ́dì, àfi kí n kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá.

Òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì ló máa ń rọ, lábẹ́ àtíbàbà kan létí omi, lẹ́yìn Festac. Bàbá àgbà ló kọ́ ọ. Nígbà tí bàbá kú, àwọn kan ní kó kó irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tà, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ó dá wọn lóhùn pé iná kì í bèèrè bóyá ọkùnrin ló dá òun.

Òjé tí àwọn fọkanáísà ń so mọ́ ríìmù ọkọ̀ ló máa ń yọ́, pẹ̀lú àjẹkù léèdì tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Satellite Town fi ń lẹ wáyà, tí wọ́n ń kó pamọ́ fún un. Bó bá ti ju àbẹ́là sí i, tó rò ó, ìdọ̀tí á léfòó, á sì fi ìgbakọ irin gbọ́n ọn kúrò. Lẹ́yìn náà, á na móòdù idẹ tó máa ń da òjé sí sórí iná àtùpà kẹrosíìnì títí èéfín á fi kun inú rẹ̀ dúdú. Lójú tèmi, òróró ló yẹ kó lò. Lọ́jọ́ kan mo yọ́ fi àdín pa inú móòdù, gbogbo òjé ọjọ́ náà ló sì hunjọ bí ojú arúgbó.

"Ta ló ní kó o dín àkàrà?" ló bi mí. Ó wá ṣàlàyé pé èéfín yẹn ni kì í jẹ́ kí òjé lẹ̀ mọ́ idẹ. Bí idẹ bá mọ́ láìní èéfín lára, òjé á gbá a mú, kò sì ní í tú u sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìbò ku díẹ̀, ọmọkùnrin kan wá láti ìdílé tó ni ilẹ̀ etí omi náà. Ó yọ móòdù ọta ìbọn kan jáde látinú ọ̀rá. Idẹ ni, oníhò mẹ́rin.

"Màmá, ẹ bá wa rọ ọta díẹ̀. Àwọn bọ́ìsì nílò ẹ̀, just for security."

"Ta lẹ fẹ́ yìnbọn lù?"

"Màmá, ẹ má stress mi jọ̀ọ́. Ilẹ̀ wa lẹ wà. Tẹ́ ò bá ṣe é, lọ́la lẹ máa kó kúrò."

Abẹ́ àtíbàbà yẹn ni oúnjẹ wa ti ń wá, a ò sì ní ibòmíràn. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kó ṣe é.

Ó gba móòdù náà. "Jókòó." Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí méjì, ó fún omi rẹ̀ sí eérú, ó sì fi ha inú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi ń dán. Ó nù ún gbẹ, ó yá a níná, ó fi àbẹ́là tó ń lé ìdọ̀tí pa á. Ọmọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ fóònù rẹ̀. Àmọ́ ìyá àgbà ò tan àtùpà. Mo la ẹnu, ó wò mí, mo pa á dé.

Ó bu òjé sí i, ó jẹ́ kó tutù, ó sì gbé e fún un. Ọmọkùnrin náà fà á, kò ṣí. Ó gbá a mọ́ òkúta, ó fi òòlù lù ú. Móòdù àti òjé ti di ọ̀kan.

"Màmá, kí lẹ ṣe?"

"Mo ti dí i pa. Apẹja ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ẹja. Kó o délé, má sọ pé ó ṣèèṣì bàjẹ́ o. Sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n wó àtíbàbà wa. Ó dúró wò wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìkòkò rù, èmi gbé móòdù wa, a forí lé Ijegun-Egba. Ó pẹ́ kí àwọn apẹja tó mọ ibi tí a wà, ebi sì pa wá gan-an. Inú bí mi sí i. Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ́ síta: "Ìyá àgbà, ṣebí ẹlòmíràn á rọ ọta náà fún wọn?"

Kò bínú. "Kó rọ ọ́. Kó má ṣáà ti ọwọ́ mi wá."

Mo ti dàgbà báyìí, ìyá àgbà sì ti lọ. Ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn máa ń wá bẹ̀ mí pé kí n kọ èsì àyẹ̀wò tí kì í ṣe òótọ́ fún wọn. Àwọn kan á bẹ̀, àwọn kan á halẹ̀, ọ̀gá mi pàápàá ti bá wọn dá sí i rí. Ẹ̀rù máa ń bà mí, torí mo mọ bí ebi ṣe rí. Bí wọ́n bá wá sọ pé tí n ò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn á kọ ọ́, mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún wọn.

"Ẹ lọ bá ẹlòmíràn náà."