Ẹyin Àparò Tísà Ògúnrìndé

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí, bí ogójì èèyàn ló kún pálọ̀ Tísà Ògúnrìndé ní Ìlúpéjú-Èkìtì, wọ́n yí fíríìjì ká, wọ́n ń dúró kí ẹyin àparò pa. Tísà wọ kóòtù, ó so táì. Fíkà ìjọ wa jókòó níwájú. Láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì, ẹyin kan kò mira. Fíkà gbàdúrà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, bàbá àgbà kan béèrè bóyá a lè kúkú dín wọn.

Ìyá Ọdúnayọ̀, aya Tísà, ló ni fíríìjì yẹn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Ó ki glóòbù méjì bọ inú rẹ̀, ó gbé abọ́ omi sí i, ó sì fi gíláàsì aago ògiri ṣe fèrèsé sára ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá mú iná lọ, láńtánì wọlé nìyẹn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pè é ní fíríìjì mọ́, ó ti di abiyamọ. Ìyá Ọdúnayọ̀ ní òun kò bá abiyamọ jà, ibi tí òun máa gbé ẹja sí lòun ń wá.

Ìfàkì ni Tísà ti ra ọgbọ̀n ẹyin náà lọ́wọ́ Oyin, ọmọbìnrin kan tó kọ́ nípa ọ̀sìn ẹran. Inú fìlà rẹ̀ ló kó wọn sí lórí ọ̀kadà Láyí, ó sì kìlọ̀ pé kí Láyí má kó sí kòtò kankan. Lójú ọ̀nà wa yẹn! Wọ́n rọra ń lọ títí ìyá arúgbó kan tó ru igi fi bá wọn, ó kí wọn kú ìrìn, ó sì kọjá lọ.

Nílé, ó fi báírò sàmì 'gbà' sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹyin, ó sàmì 'kọ̀' sí ìkejì, kó lè mọ èyí tó ti yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń yí wọn. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì tún ti rí ìwé máàkì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kó wọn sínú fíríìjì gan-an ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ìtàdógún òní ni wọn yóò pa. Gbogbo ìjọ fi ìka kà á: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àwọn àgbẹ̀ ń kùn pé àparò ló ń jẹ àgbàdo àwọn lóko. Tísà ní ti inú Bíbélì lèyí, kì í jalè. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì rán an létí ẹ̀rọ ìgúnyán rẹ̀, èyí tó ju iyán mọ́ àjà. Inú bí i. Ó búra pé bí ẹyin kò bá pa lọ́jọ́ náà, òun yóò kó gbogbo irinṣẹ́ òun fún ṣọ́ọ̀ṣì, òun kò sì ní ṣe nǹkan kan mọ́ láyé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi búra.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín fi kú lẹ́nu wa nígbà tí bàbá àgbà sọ̀rọ̀ dídín. Ìyá Ọdúnayọ̀, tó ti ń ṣépè fún fíríìjì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ dúró níwájú rẹ̀.

“Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹyin ọkọ mi,” ló wí.

Nírọ̀lẹ́, Tísà fúnra rẹ̀ fi ọmọlanke ti irinṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó padà dé, ó pe Oyin lórí fóònù.

“Ẹ ti ka ọjọ́ tí ẹ kó wọn síbẹ̀ mọ́ ọn, sà,” Oyin wí. “Ọ̀la ló pé.”

“Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ wo la ń sọ ọ́ lórúkọ?”

“Ọjọ́ Àìkú, sà.”

“Ọjọ́ kelòó nìyẹn?”

“Ọjọ́ kẹjọ.”

“Ó parí.”

“Bàbá, àparò kì í sọ ọmọ lórúkọ.”

Lọ́jọ́rú, wọ́n pa. Kó tó di ọ̀sán, méjìlélógún ti jáde, ìkọ̀ọ̀kan kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Tísà tó máa ń pe gbogbo àdúgbò bó bá tún rédíò ṣe kò pe ẹnì kan. Aya rẹ̀ ní kó lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun dá, Ìṣẹ́gun sì ti lọ. Ó káwọ́ gbera, ó ń wo àwọn ẹyẹ. Ó ń jẹun, ó ń kí èèyàn, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Ìyá Ọdúnayọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, obìnrin tí kò sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì rí gbé abọ́ lọ síwájú pẹpẹ, àwọn ọmọ àparò ń ké nínú rẹ̀.

“Gbogbo yín lẹ bá a ka ọjọ́ yẹn,” ló wí. “Bó bá ṣì í kà, gbogbo wa la jọ ṣì í kà. Fíkà, ẹ dá uṣẹ́ ọkọ mi padà fún un. Ulé mi dákẹ́ jù.”

Fíkà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ti ọmọlanke náà padà. Kó tó di alẹ́, òòlù ti ń dún, Tísà ń kan ilé àparò, Ìyá Ọdúnayọ̀ sì ń pariwo pé òun kò rójú sùn.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni Tísà fi wá sílẹ̀. A ṣàárò rẹ̀ gidigidi. Nígbà tí a lọ kí aya rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó ń bú ọkọ rẹ̀ nítorí fíríìjì, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. A dìde pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ní kí a jókòó, kí a ṣì bá òun pariwo díẹ̀ sí i.