Nílé Àwọn Tó Ń Sùn Lọ́sàn-án

Ilé kan wà lẹ́yìn ọjà Ojú Oré, ní Ọ̀tà, tí ìdákẹ́rọ́rọ́ máa ń bò ní kété tí oòrùn bá yọ. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan la àárín wọn kọjá. Kọ́ńpìnnì ni gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń yọ́ irin, àwọn kan ń ṣe ike, àwọn kan ń di bisikíìtì sí páálí, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn ló ń ṣe náìtì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn á ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ojú pípọ́n, wọn á wẹ̀, wọn á ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá jẹ́ kí abọ́ já bọ́ nínú ilé yẹn, ìjà ló ń wá. Tírélà ń fọn fèrè lójú títì, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọn ò gbọ́ ọ. Àmọ́ bí ọmọ ọwọ́ bá fi lè ké pẹ́nrẹ́n, gbogbo ilẹ̀kùn ló máa ṣí.

Ilé yẹn ni Ruqoyah gbé oyún dé.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà. Fàlílù, tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Ìjù, ló fún un lóyún. Nígbà tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé wọn, ìyá Fàlílù ní ọmọ òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí Fàlílù fúnra rẹ̀ fi di àwátì. Bàbá Ruqoyah kò lù ú, kò sì bú u. Ó kan ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀, Àǹtí Mùíbátù, tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì tí wọ́n ti ń ṣe garawa àti abọ́ ike, ló gbà á sínú yàrá kan ṣoṣo tó háyà.

“Mi ò ní lé ẹ,” ni Àǹtí wí fún un lọ́jọ́ tó dé. “Ẹ̀jẹ̀ mi ni ẹ́. Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa o. Tí mo bá dé láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ sùn. Ẹni tó bá tòògbé nídìí ẹ̀rọ yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ni ẹ̀rọ máa gé. Ṣé o ti wo ọwọ́ Ìyá Ọpẹ́, ní yàrá tó kángun sí kànga?”

“Mo ti wò ó, mà.”

“Ìka mélòó ló kù níbẹ̀?”

Ruqoyah ká ìka tirẹ̀ wọnú àtẹ́lẹwọ́.

“Ó dáa. Ariwo ọmọ, mi ò fẹ́ ẹ.”

Ó bí ọmọ náà ní ọkùnrin. Waliyullah ni wọ́n sọ ọ́. Àfáà Àmọ̀dá tí wọ́n pè gbé e mọ́ àyà, ó pe ìrun sí i létí jẹ́jẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí ẹnikẹ́ni bá Waliyullah sọ fún ọjọ́ pípẹ́.

Ruqoyah kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ bí ẹni ń kọ́ṣẹ́. Bí ọmọ bá fẹ́ ya ẹnu, ọmú ti wà níbẹ̀. Bí ọmú kò bá pẹ̀tù sí i, yóò pọ̀n ọ́n, yóò sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí kànga. Bí kò bá ráyè sáré, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni yóò fi bo ọmọ náà lẹ́nu. Ó mọ bó ṣe ń ká àtànpàkò sísàlẹ̀ kí imú ọmọ lè ríbi mí, yóò sì máa fi ọwọ́ kejì gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́. Nígbà tí ọmọ náà bá dákẹ́ tán, Ruqoyah á mi orí sí i, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà á wo ojú ìyá rẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín padà. Nígbà tí ọmọ náà tó jókòó, ìyá rẹ̀ ń fi fóònù àtijọ́ Àǹtí ṣeré fún un, èyí tí àwọn ẹranko aláràbarà máa ń jó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pa ohùn rẹ̀. Waliyullah á tẹjú mọ́ àwọn ẹnu tó ń là, tó ń pa dé, láìsí ohun kan tó ń ti inú wọn jáde. Ìyá rẹ̀ á ráyè fọ aṣọ iṣẹ́ àwọn ará kọ́ńpìnnì, èyí tó fi ń jẹun.

Àwọn ará ilé náà sì ń yìn ín. Búọ̀dá Ìsmáílà, tó ń yọ́ irin, tó fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, máa ń dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ruqoyah, ṣé ọmọ ẹ ṣì wà nínú ilé yìí ṣá? Àbí o ti tà á?”

“Ó wà lẹ́yìn mi níbí, sà.”

“Háà! Èmi rò pé aṣọ lo dì. Ọmọ gidi lèyí. Tèmi tó wà nílé, tó bá ń sunkún, wọ́n á gbọ́ ọ débi iṣẹ́ wa, sùpáfáísọ̀ á rò pé iná ń jó.”

Ruqoyah á rẹ́rìn-ín, á dorí kodò. Láti ìgbà tí ikùn rẹ̀ ti yọ, kò sẹ́ni tó rí ohun kan yìn lára rẹ̀ mọ́. Èyí nìkan ló kù: ọmọ rẹ̀ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí àwọn obìnrin bá béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe, ohun tó ń sọ nìyẹn, orí rẹ̀ á sì wú.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń múra àtilọ, Ìyá Ọpẹ́ máa ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sórí itan, á fi ọwọ́ tó gé yẹn pa á lórí, á máa kì í. Oríkì ilé bàbá ọmọ náà á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ọmọbìnrin náà á sì máa wúrí. Ruqoyah á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́. Kò mọ oríkì ilé Fàlílù. Ta ni ì bá sọ ọ́ fún un? Ó sì ń tijú láti ki Waliyullah ní oríkì ti bàbá òun tó ní kóun kó ẹrù òun jáde. Nítorí náà kò kì í rárá. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń wẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ á fi máa dán, ó ń da lẹ́búlẹ́bú sí i lọ́rùn.

Nígbà tí Waliyullah sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, Ruqoyah rí ọ̀nà kan. Télọ̀ kan ní Ìyànà Ìyẹsí gbà láti kọ́ ọ níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù. Àyọ́ọ̀nù gbígbóná wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ àti síṣọ́ọ̀sì sì wà káàkiri ilẹ̀. Ruqoyah bá fa Waliyullah lọ́wọ́, ó mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi Ìyáàfin Oyèbọ́lá, tí kò jìnnà sílé wọn.

“A máa gbà á,” ni Ìyáàfin náà wí. “Àwa kì í béèrè ohun tó le. Kó mọ orúkọ ara ẹ̀, kó sì lè sọ pé òun fẹ́ tọ̀. Ṣé ó ń sọ ọ́?”

“Kò tíì máa sọ̀rọ̀, mà.”

“Kò sọ nǹkan kan? Kò pe màámi?”

“Rárá, mà.”

Obìnrin náà yíjú sí ọmọ náà. “Mú un padà wá nígbà tá a bá wọlé lẹ́yìn ọlidé. Bó bá ti lè sọ ìyẹn, àyè ẹ̀ wà.”

Báyìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ayé Ruqoyah ṣe di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ọmọ kékeré. Bí Waliyullah bá sọ̀rọ̀, á wọ jẹ́lé-ó-sinmi, ìyá rẹ̀ á lọ kọ́ṣẹ́, bó bá yá wọ́n á ní yàrá tiwọn. Bí kò bá sọ̀rọ̀, aṣọ fífọ̀ ló kù, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Àǹtí Mùíbátù kò kà á sí. “Ọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Àbúrò bàbá wa kan ń bẹ, ó ti ń da ewúrẹ́ kó tó pe ìyá ẹ̀. Lónìí, ta ló lè pa á lẹ́nu mọ́? Ẹjọ́ ilẹ̀ ló ń rò káàkiri.” Ruqoyah lọ bá Àfáà Àmọ̀dá, ẹni yẹn kọ hàǹtú Kùránì sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó ní kí ọmọ máa mu omi náà lówùúrọ̀. Waliyullah mu ún tán láìbínú, ó nu ẹnu, ó sì dákẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kán oògùn sí àwọn ọmọ lẹ́nu ní ilé ìlera, nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà, Nọ́ọ̀sì Ṣóbándé, ṣàkíyèsí ọmọ náà. Ó lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Waliyullah yíjú kíá.

“Etí ẹ̀ dáa,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Kí lo máa ń bá a sọ nílé?”

Ruqoyah ronú. Ó fẹ́ sọ òótọ́. “Mo máa ń ní kó dákẹ́, mà.”

“Yàtọ̀ sí ìyẹn ńkọ́?”

“Mo máa ń ní kó wá jẹun.”

“Bá ọmọ ẹ sọ̀rọ̀. Tó o bá ń fọṣọ, sọ fún un pé aṣọ lò ń fọ̀.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ruqoyah. “Ó ń rí mi kẹ̀, mà.”

“Sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ náà.”

“Nọ́ọ̀sì, ọmọ tí ò tíì gbọ́n, kí la fẹ́ jọ sọ?”

Obìnrin náà gbé ojú sókè wò ó, ó wo ọrùn rẹ̀ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ìbòrí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ìwọ alára, ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?”

Ruqoyah fa ìbòrí rẹ̀ bo ọrùn. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wọn; wọ́n ti ń pe ẹlòmíì.

Ó gbìyànjú. Lọ́jọ́ kejì, nídìí kànga, ó gbé aṣọ kan sókè, ó ní, “Wálí, aṣọ nìyí.” Ó ní, “Ọṣẹ nìyí. Ó ń hó.” Ó ń ṣe é bíi pé orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Waliyullah kò wo ọṣẹ. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń wo fóònù. Ruqoyah gbé ohùn sókè díẹ̀, ó ní, “Omi! Sọ pé omi!” Fèrèsé kan ṣí gbàgà lórí wọn.

“Ruqoyah!” Búọ̀dá Ìsmáílà ni, singílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. “Ìwọ náà kẹ̀? Ìwọ tá a fi ń ṣàpẹẹrẹ nínú ilé yìí?”

“Ẹ má bínú, sà.”

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ gan-an?”

“Kò sẹ́nì kankan, sà.”

Kò tún ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọmọ náà létí, nígbà tó bá rántí, nígbà tí kò bá rẹ̀ ẹ́.

Ọlidé parí. Ó wọ ṣòkòtò tuntun fún Waliyullah, ó sì mú un lọ. Láti ẹnu géètì ni wọ́n ti ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń kọrin ní gbogbo agbára wọn, tí wọ́n ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Waliyullah fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó kó sábẹ́ ìbòrí ìyá rẹ̀. Ruqoyah fà á jáde síwájú Ìyáàfin Oyèbọ́lá.

“Ọkọ mi, kí lorúkọ ẹ?” ni Ìyáàfin wí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Sọ ọ́ fún ìyá àgbà.”

Ọmọ náà wo ẹnu rẹ̀.

“Wálí,” ni Ruqoyah ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Sọ pé Wálí. Jọ̀ọ́.”

Omi kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn gba itan ọmọ náà wálẹ̀, ó ba ṣòkòtò tuntun jẹ́, ó sì dárogún sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Waliyullah dúró sínú rẹ̀. Kò mira, kò sì sunkún.

“Kí ló dé tí kò sunkún?” ni Ìyáàfin béèrè.

“Kì í sunkún, mà,” ni Ruqoyah dáhùn. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn náà ló ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Nígbà tó rí ojú obìnrin náà ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

“Mú un lọ sílé, ọmọ mi. Mi ò ní ẹni tó máa jókòó tì í lásán. Má bínú sí mi.”

Oòrùn ti mú nígbà tí wọ́n délé. Gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì. Nínú yàrá, Àǹtí Mùíbátù dojú kọ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń hanrun. Ruqoyah bọ́ ṣòkòtò tó tutù náà, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀ kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé.

“Wálí, sọ pé màámi.”

Ọmọ náà ń wò ó.

“Màámi. Sọ ọ́ sókè.” Ìgbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ló mọ̀ pé wúyẹ́wúyẹ́ lòun náà ń sọ. Ó gbìyànjú láti gbé e sókè. Kò ròkè. Ó tún gbìyànjú. Lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn náà já jáde, ó ròkè ju bó ṣe rò lọ: “Kígbe! Wálí, kígbe, kí gbogbo wọn jí!”

Ọmọ náà ta gìrì. Ó kọ́kọ́ wo bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ kékeré rẹ̀, ó fi bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó ká àtànpàkò sísàlẹ̀ kí imú rẹ̀ lè ríbi mí. Ó nawọ́ kejì yí ọrùn rẹ̀ ká, ó ń gbá a lẹ́yìn, pẹ́pẹ́pẹ́.

“Kí ló dé?” Àǹtí Mùíbátù yíra padà nínú oorun. “Ta ló ń pariwo?”

Omijé Ruqoyah ń ṣàn gba orí àwọn ìka ọmọ náà, ọwọ́ yẹn kò sì kúrò. Bẹ́ẹ̀dì ké, ó tún dákẹ́, Àǹtí sì padà sínú oorun. Nígbà tí ìhanrun náà tún bẹ̀rẹ̀ ni Waliyullah tó gbé ọwọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, ó wo ẹnu ìyá rẹ̀ bóyá ó tún fẹ́ là.

Kò là. Ọmọ náà bá mi orí sí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.