Sójà Tó Ń Fẹjọ́ Ẹ̀rọ Omi Sùn

Ohùn Oyin ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń gbé fóònù ẹ̀sùn ní ilé iṣẹ́ omi. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi jókòó sídìí tábìlì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ṣeé ṣí, tó ń bẹ àwọn tí inú ń bí pé kí wọ́n má bínú. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ: fóònù kò gbọdọ̀ dún lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbé e, òun kọ́ ló sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ já a. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé ká ní irú òfin bẹ́ẹ̀ wà nílé àwọn ni, òun ì bá ti sanra.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní Sójà ti ń pè. Ohùn àgbàlagbà ni, ó ń dún bí àpótí tí wọ́n ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Ẹjọ́ rẹ̀ kì í yí padà: ẹ̀rọ omi rẹ̀ ti sá lẹ́nu iṣẹ́ láìgbàṣẹ, kí wọ́n bá òun mú un. Bí Sójà bá sinmi, ẹni tí wọ́n sọ ní Ìyàwó Tuntun a pè, tòun ti ohùn tín-ín-rín, a ní ṣé omi gbígbóná máa ń tètè gbó ju omi tútù lọ ni. Gbogbo ọ́fíìsì ń retí wọn bí ẹní ń retí oúnjẹ ọ̀sán.

Ohùn Oyin nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ kan ni Sójà bú ramúramù, ni obìnrin yìí bá dá ohùn náà mọ̀. Ohùn ẹkùn inú àlọ́ nìyẹn, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń lé e wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tó wà ní kékeré! Àwọn náà sì ni Ìyàwó Tuntun. Bàbá tó fi ogójì ọdún tún bàtà ṣe, tó wá ń dá gbé látìgbà tí ìyá ti kú. Ṣé wọn ò ní nọ́ńbà ọmọ wọn ni? Wọ́n ní in. Àmọ́ bí wọ́n bá pe ìyẹn lọ́sàn-án, "Bàbá, mo wà níbi iṣẹ́." Bó bá di ìrọ̀lẹ́, "Bàbá, ó ti rẹ̀ mí." Àgbà bá lo ọgbọ́n, wọ́n wá fóònù tí ọmọ wọn ò lè ṣàìgbé.

Nígbà tó lọ kí wọn lópin ọ̀sẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Sójà yìí sílẹ̀."

"Sójà wo?" Ojú bàbá gbẹ bí awọ bàtà. "Ṣé ó rẹwà?"

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí. "Nọ́ńbà àgbàlagbà yẹn ni mo wá gbọ́. Bó bá tún fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́nrẹ́n, kò tún ní pe ibí mọ́. Ìwọ gan-an lo máa dí i."

Fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀, ilé iṣẹ́ omi nìyí."

"Ẹ fún mi ní ọ̀gágun yín! Ẹ̀rọ omi mi tún ti sá lójú ogun!"

Ohùn Oyin ronú kíá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: bí omi bá ń jò lóòótọ́, ó ti di ẹ̀sùn nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dí nọ́ńbà ẹlẹ́sùn.

"Ṣé páìpù yín ló bẹ́ ni, sà?"

"Rárá."

"Ẹ fara balẹ̀, sà. Kò síbi tó ń jò? Díẹ̀ báyìí?"

"Gbígbẹ táútáú ni."

"Ẹ ṣáà bá mi wò ó dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, sà."

Bàbá pa ohùn Sójà tì. Nígbà tí wọ́n máa fọhùn, ohùn ara wọn ni, ohùn atúnbàtàṣe tó há ìṣó sẹ́nu: "Kí n purọ́ fún ìjọba? Ìyá mi, ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Èmi kì í purọ́."

Ọ̀gá fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Ọdún mọ́kànlá tí Ohùn Oyin kò já fóònù mọ́ ẹnikẹ́ni létí, bàbá rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dí nọ́ńbà wọn.

Nígbà ìsinmi, ó sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó fi fóònù ara rẹ̀ pè wọ́n. Wọ́n gbé e.

"Bàbá, èmi ni. Ẹ má bínú."

Ohùn obìnrin kan ló dá a lóhùn, bíi ti inú ẹ̀rọ ọ́fíìsì wọn gẹ́lẹ́: "Ẹ kú ìdúró. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa dí. Ẹ má ṣe já fóònù." Orin ìdúró bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń fi imú kọ ọ́.

"Bàbá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n fún mi o!"

Orin ń lọ. Kò dùn, wọ́n sì ń ṣì í kọ. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò já a.