Fèrè Tí Ṣàmsúdéènì Gé Kúrò Nínú Fọ́tò

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ Ṣàmsúdéènì ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, fọ́tò kan ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Kafilat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló dúró níbẹ̀ nínú aṣọ ológun pupa, bọ́tìnnì àyà rẹ̀ ń dán gbinrin, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Apá òsì rẹ̀ pé. Apá ọ̀tún dé ìgbọ̀nwọ́, ó parí síbẹ̀. Bí àlejò bá béèrè ohun tí ọmọ náà gbé dání tí férémù fi jẹ ẹ́ lọ́wọ́, Ṣàmsúdéènì á ní àpótí oògùn ni, pé nọ́ọ̀sì ológun kì í rìn láìgbé àpótí oògùn.

Irọ́ gbuu ni. Fèrè ni Kafilat gbé dání, fèrè idẹ, bàbá rẹ̀ ló sì fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò.

Ẹ má tíì bínú sí i. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ààfáà ni bàbá tó bí i, bọ́ọ̀sì ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wa káàkiri Woolwich títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́pè Ọlọ́run nígbà tí Kafilat ṣì kéré. Òun nìkan ló ń di irun fún ọmọ náà, bí ẹni ń di ẹrù, òun náà ló ń mú un lọ sílé kéwú. Nígbà tí ọmọ dàgbà tó ní òun fẹ́ wọṣẹ́ ológun, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Àṣé kò tíì gbọ́ ìyókù. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà létí Woolwich Common níbi tí àwọn ológun ti ń kọ́ olórin, afọnfèrè àti onílù tiwọn. Ibẹ̀ ni Kafilat ń lọ.

"Mo rò pé sójà ni mo bí," ni Ṣàmsúdéènì wí. "Àṣé alágbe tó wọ bàtà sójà ni."

"Daddy, it's a proper job. Wọ́n ń san salary."

"Alágbe náà ń gba owó."

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Nínú òjò ni wọ́n ti ń yan, fèrè lẹ́nu, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣì. Wọ́n á nu idẹ títí wọ́n á fi rí ojú ara wọn nínú rẹ̀. Wọ́n á kọ́ orin ayẹyẹ, wọ́n á kọ́ orin tí wọ́n fi ń sin òkú sójà, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo máa ń dúró fọn nígbà tí gbogbo èèyàn bá dákẹ́. Nítorí pé ológun ni àwọn náà, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́, àti bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí èémí rẹ̀ bá dá. Bọ́ọ̀sì Ṣàmsúdéènì a máa gba ẹ̀yìn ọgbà wọn. Bó bá ti gbọ́ fèrè, á ti wíńdò. Lọ́jọ́ kan kò tì í. Orin òkú yẹn ni ẹnì kan ń fọn, ó sì wọ̀ ọ́ lára débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ nídìí ọkọ̀. Inú bí i pé ó dùn. Kò sọ ọ́ fún Kafilat rí.

Mọ́ṣáláṣí ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Jímọ̀, àwọn bàbá a máa pàtẹ ọmọ bí ẹni pàtẹ ọjà: ti lágbájá ti di dókítà, ti làkáṣègbè ti di lọ́yà. Wọ́n bi Ṣàmsúdéènì léèrè iṣẹ́ tí tirẹ̀ ń ṣe ní bárékè, ahọ́n rẹ̀ sì yọ̀. "Nọ́ọ̀sì ni." Ọsibítù ńlá wà nítòsí ibẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ló kún àdúgbò, ta ni yóò jiyàn? Tawfiq, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ kí i kú oríire.

Kafilat kò mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí Latifah, ìyàwó Tawfiq, ká aṣọ sókè níwájú rẹ̀, tó ní kó bá òun wo orúnkún. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá ń wo ilẹ̀.

"Ẹ máa sinmi dáadáa, Auntie," ni Kafilat wí.

Nígbà tí wọ́n délé, Ṣàmsúdéènì bẹ̀ ẹ́ pé kó bo òun láṣìírí. Ó gbà, nítorí ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ju òótọ́ lọ. Bó ṣe di nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni òótọ́ yàn. Tawfiq àti Latifah wá kí Ṣàmsúdéènì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni Tawfiq di àyà mú, tí òógùn sì bò ó.

"Ẹ jẹ́ ká pe ambulance," ni Latifah wí.

"Ambulance fún gas?" Tawfiq ju ọwọ́ nù. "Kí gbogbo neighbours máa wò mí bí wọ́n ṣe ń gbé mi? Ṣebí a ní nurse. Samsu, pe ọmọ wa."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè dúró nìyí. Gbólóhùn kan péré ni: ọmọ mi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣàmsúdéènì ní in lẹ́nu, ó gbé e mì. Ó jáde sí kọ́rídọ̀, ó pe Kafilat.

"Daddy, wait. Àyà ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń sweat? Ẹ call 999! Ẹ má dúró dè mí, kí ni mo fẹ́ ṣe? Call them now. Mo ti ń bọ̀."

Ó padà sí pálọ̀. Ojú tọkọtaya náà wà lára rẹ̀.

"Ó ń bọ̀," ló wí.

"Kí ló ní ká ṣe?" ni Latifah béèrè.

"Ó ní kó sinmi."

Ọkàn Tawfiq bá balẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó tilẹ̀ ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahun Ìjẹ̀bú ni, pé ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Latifah ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ẹ. Ṣàmsúdéènì dúró lójú wíńdò, ó ń wo Harrow Manorway níbi tí ọkọ̀ ti tò gbọọrọ, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ gáàsì lóòótọ́. Ìgbà tí ẹ̀rín Tawfiq dá lójijì ló tó pe 999.

Kafilat fi díẹ̀ ṣíwájú áńbúláǹsì. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì nínú aṣọ tó fi ń kọ́ fèrè, ó tẹ àyà Tawfiq bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ń kà á sókè ketekete, títí àwọn oníṣẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tawfiq kò jí mọ́. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì lọ sin ín.

Ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nọ́ọ̀sì wo ló ń ní kí ẹni tí àyà ń dùn máa sinmi? Wọ́n ní ó tẹ bàbá náà títí eegun fi ró. Obìnrin kan rí Kafilat lọ́jà Woolwich, ó kẹ̀yìn sí i. Gbogbo rẹ̀ ló dé etí Ṣàmsúdéènì, ó kàn ń mi orí ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èyí wà lọ́jà o, òun gan-an ló pọn ọmọ náà, orí ọmọ ń wọ́, kò sì tún un ṣe.

Kafilat wá bá a nílé. Kò jókòó.

"Daddy, mo sọ pé kí wọ́n sinmi?"

Ṣàmsúdéènì yíjú sí fọ́tò inú férémù.

"Gbogbo òkú tí mi ò mọ̀ rí ni mo ti fọn fèrè fún. Uncle Tawfiq tó máa ń gbé mi sí èjìká, mi ò lè lọ kí ìyàwó ẹ̀, because she thinks I killed him. You tell her. Tó ò bá sọ fún un, mi ò ní wá síbí mọ́."

Kò fi "ẹ" àgbà kún un bó ti máa ń ṣe. Ṣàmsúdéènì gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí òun.

Àdúà ọjọ́ kẹjọ, ilé Latifah ní Shooters Hill kún. Lẹ́yìn tí ààfáà ṣe àmín tán, Ṣàmsúdéènì dìde lọ bá opó náà níbi tó jókòó sí. Ó fa nǹkan yọ nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Èyí tó gé kúrò lára fọ́tò ni, kò lè jù ú nù láti ọjọ́ náà: ọwọ́ kan péré, tó di fèrè mú. Ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ Latifah.

"Ohun tí Kafilat gbé dání nìyí," ló wí. Gbogbo ilé ń gbọ́. "Kì í ṣe nurse. Fèrè ló ń fọn. Kò sọ pé kí Tawfiq sinmi. Ó ní kí n pe ambulance. Èmi ni mo purọ́."

Latifah wo ìrépé fọ́tò náà pẹ́.

"Afọnfèrè," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gbogbo ìgbà tí mò ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ọkọ mi lójú yẹn, tó ń sọ pé kí n má worry, nurse ń bọ̀. Afọnfèrè la jókòó tí à ń dúró dè."

Ó wá fóònù rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà. "Kafilat, ọmọ mi. Auntie Latifah ni. Bàbá ẹ ti sọ fún mi. Wá kí mi, jọ̀ọ́. Mi ò bínú sí ẹ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ ẹ tó o fi tẹ àyà ọkọ mi rọ." Ó tẹ́tí, ó ń sunkún. "Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbí."

Ṣàmsúdéènì dúró, ó ń retí pé wọn yóò na fóònù sí òun, tàbí kí wọ́n bú òun. Latifah pa fóònù, ó dá ìrépé fọ́tò náà padà fún un láìgbójú sókè, ó sì yíjú sí àwọn obìnrin tó ń bu oúnjẹ. Nígbà tó ṣe, Ṣàmsúdéènì lọ wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.