Lẹ́tà Tí Mo Gbé Lọ sí Iléṣà

Òṣogbo ni ibojì àbúrò mi wà, kò sí ní Iléṣà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa bá béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n máa ń dá a lóhùn pé ọjọ́ ti lọ kí lẹ́tà tó dé. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ìdí tí ọjọ́ fi lọ. Èmi ni mo gbé lẹ́tà náà, lórí alùpùpù tèmi, mo sì dúró jẹ iyán lọ́nà.

Ó yẹ kí n sọ bí alùpùpù mi ṣe di ti ìjọba. Ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, inú gbogbo wa sì ń dùn. A ní gómìnà, a ní pátákó gàgàrà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Àga nìkan la ṣì ń dúró dè. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà ni mo wà. Iṣẹ́ mi ni láti máa lọ wo àwọn ibi tí a ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: Ìbòkun, Ìwàrà, àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ẹ̀ka wa ní ọkọ̀ o, a kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ìjọba. Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ọ́fíìsì, afẹ́fẹ́ ti tán nínú táyà rẹ̀ méjì, adìyẹ kan sì ti ń sàba lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí n máa lo alùpùpù mi. Wọ́n gbé ìwé kan fún mi pé kí n fọwọ́ sí i ní ojú mẹ́ta, pé mo yọ̀ǹda nǹkan ìní mi fún iṣẹ́ ọba, ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Mo ti kàwé gboyè ní yunifásítì. Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo rí ìwà ọ̀daràn tó wà nínú rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀dọ̀ mi ni àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo. Àwa méjèèjì nìkan ni ìyá wa bí. Olùkọ́ ni, èmi ni mo máa ń fi alùpùpù gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀ kí n tó lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń kọjú sí, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà lápá òsì, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á wà lórí itan rẹ̀, á sì máa fi bírò pupa máàkì wọn lọ bí a ṣe ń lọ. Bí mo bá bọ́ sínú kòtò, ọmọ kan ló máa pàdánù máàkì.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìjọba ló fún yín ní máṣìnì yìí ni, àbí ẹ̀yin lẹ fún ìjọba?"

Mo ní, "A jọ ni ín."

"Ẹ sọ fún ìjọba kó wá bá wa fọ̀ ọ́ ní Sátidé."

Ọmọ Iléṣà bíi tiwa ni ọ̀gá mi. Kóòtù ni ó máa ń wọ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú ẹ̀wù pénpé tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ kóòtù, òógùn á sì máa ṣàn lọ́rùn rẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kò sí lẹ́tà tí a kọ tí kò ní tún kọ. Ó lè tún "Mo kí yín" kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Láti ìgbà tí mo sì ti fọwọ́ sí ìwé yẹn, òun àti ìjọba kò yàtọ̀ sí ara wọn mọ́ lójú rẹ̀. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìlọta ìyàwó rẹ̀ lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Mo ti gbé ewúrẹ́ láàyè lọ fún àna rẹ̀ ní Iléṣà. Ewúrẹ́ náà wà níwájú mi, ó ń wo ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ẹrù tí mo máa ń gbé jù ni lẹ́tà. Òun àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì sí Iléṣà, jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ni, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan. Kò sí iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe ju kí wọ́n máa bára wọn jà lórí ẹni tí yóò ṣe alága. Èmi ni mo ń gbé ìjà wọn lọ, tí mo ń gbé èsì bọ̀. Mi ò já èyíkéyìí wò rí. Mo kà á sí ìwà ọmọlúàbí. Kí n sọ òótọ́, ó ń sú mi ni.

Ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, epo bẹntiróòlù ti wọ́n ju wúrà lọ, iná ẹ̀lẹ́tíríkì kò sí, fóònù Iléṣà sì ti kú. Ibà pọ́njú ló kọ lu àbúrò mi. Ojú rẹ̀ pọ́n bí osùn. Mo gbé e dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sì dá a dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ó jókòó, ó mu ẹ̀kọ, ó sì bá nọ́ọ̀sì jà pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú mi dùn. Mo sọ fún un pé mi ò ní lè yà kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pé epo tó kù kò lè gbé mi lọ gbé mi bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, pé ọ̀sán ni màá wá. Ó ní kò sí wàhálà, pé tí mo bá ń bọ̀ kí n mú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kejì wá, wọ́n ti pọ̀ jù nílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo rí obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ń jáde ní yàrá ọ̀gá mi. Mo rò pé ìbátan rẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ fún ọmọ ni. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà. Nígbà tó fi pè mí, aago mẹ́wàá ń lọ lù. Ìwé mẹ́ta tó ti rún mọ́wọ́ wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, jókòó."

Ọdún mẹ́ta tí mo lò lábẹ́ rẹ̀, "Ọ̀gbẹ́ni" ni mò ń jẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ṣé máṣìnì rẹ lè dé Iléṣà báyìí?"

"Ó lè dé ibẹ̀, sà. Epo ni ò lè débẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó pe awakọ̀ rẹ̀ pé kó fa epo inú ọkọ̀ òun sínú kẹ́ẹ̀gì, kó rọ ọ́ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó yá mi lára láti gbà pé ó fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ju pé ó fa epo rẹ̀ lọ. Ó na àpòòwé kan sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni kí o fi lé lọ́wọ́. Má fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Má yà síbì kankan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Sì rọra gùn ún. Má sáré."

Ó sìn mí dé ìdí alùpùpù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu eruku orí ìjókòó, ó sì dúró síbẹ̀ títí mo fi fẹsẹ̀ ta á tó dún. Mo sọ fún akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìbò alága ti dé nìyẹn." Akọ̀wé yìí, tí ohun gbogbo máa ń pa lẹ́rìn-ín, wo ilẹ̀.

Mo rí gbogbo rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Ẹni tó ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́ ìwà àwọn èèyàn, ìwà tó ti dájọ́ fún tẹ́lẹ̀ ló máa ń rí.

Mo yà sí Ìbòkun. Mo rò ó pé epo ọ̀fẹ́ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì, kí n kúkú lọ fọwọ́ sí ìwé àbẹ̀wò ní ibùdó ẹ̀kọ́ àgbà tó wà níbẹ̀, kí n má tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ebi wá ń pa mí. Mo wọ ilé olóúnjẹ kan, mo ní kí wọ́n gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ wá, àwọn oníbàárà sì yí mi ká. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀, àwàdà mi ni wọ́n máa ń dúró dè. Mo bá sọ ìtàn ọ̀gá mi fún wọn. Mo ṣe ohùn rẹ̀. Mo fi aṣọ ìnura olóúnjẹ ṣe kóòtù. Mo ní, "Ọmọ mi, jókòó." Mo nu ìjókòó àga bó ṣe nu ti alùpùpù. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó ń gún iyán dá ọmọ odó dúró.

Baba àgbẹ̀ kan tó wà ní igun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Olùkọ́, kò pè ọ́ ní ọmọ rí?"

"Kò pè mí rí, Baba."

"Fọ ọwọ́ rẹ, kí o máa lọ."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ti fẹ́ dìbò, Baba?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n fi ẹran mìíràn kún un. Òjò dé, mo dúró kó dá. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Iléṣà, aago mẹ́ta ku díẹ̀.

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó já lẹ́tà, ó kà á. Ó gbójú sókè wo aago ara ògiri. Ó tún padà wo lẹ́tà.

"Aago mélòó lo kúrò l'Óṣogbo?"

"Ó ṣe díẹ̀, Bàbá. Òjò dá mi dúró."

Ó na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ máṣìnì yẹn wá."

Mo mú un fún un. Ó fi sí àpò, ó dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé kejì. Ọkùnrin mẹ́ta wọlé, wọ́n kí mi, wọ́n sì jókòó, ọ̀kan lọ́tùn-ún mi, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo mọ bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí a fẹ́ túfọ̀ fún. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń wá nǹkan tí màá fi ṣe àwàdà, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Àbúrò rẹ ti lọ. Aago méje àárọ̀ yìí ni."

Ó fún mi ní lẹ́tà náà kà lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti dì mí mú pẹ́. Ìwé ojú kan ni, kò sí gẹ̀ẹ́sì ńláńlá nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi kọ ọ́ pé òun kò lè sọ ọ́ fún mi kí òun sì jẹ́ kí n dá nìkan gun alùpùpù, òun kò sì ní ẹlòmíràn tó lè dé Iléṣà. Kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí iná ní ilé ìtọ́jú òkú, òkú ọ̀dọ́ kì í sì í sùn mọ́jú. Bí ẹbí bá fẹ́ gbé e wá sí Iléṣà, kí wọ́n rán ẹnì kan kí aago méjì tó lù. Epo tó kù nínú ọkọ̀ òun kò ju èyí tó lè gbé òkú náà wá lọ. Bí òun kò bá rí ẹnì kankan títí di aago mẹ́ta, òun yóò mọ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ sí i kí a sin ín sí Òṣogbo.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi. Mo ní bí mo bá sáré màá bá wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n kì í sin àbúrò. Jókòó." Mo jókòó.

Àwọn ìyá ìjọ ló lọ sọ ọ́ fún ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn òbí kì í lọ sí ibojì ọmọ wọn, kò sì béèrè pé òun fẹ́ lọ. Ó kàn béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ní, "Wọ́n fi ọmọ mi sáàárín àwọn tí kò mọ̀." Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sọ ọ́, kì í ṣe bí ẹni tó ń bínú. Ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀, níbi tí ìyá tirẹ̀ wà, ló rò pé gbogbo wa ń lọ.

Ọ̀gá mi wá kí wa ní ọjọ́ kẹjọ. Kò wọ kóòtù. Wọ́n ti sọ fún un pé òjò ló dá mi dúró lọ́nà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ẹni tí ọjọ́ orí wọn kò jura lọ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, ìyá. Èmi ni mo fi ọjọ́ ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Ká ní mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yìí ì bá ti dé kí aago méjì tó lù."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò mí. Yàtọ̀ sí èmi, òun nìkan ló mọ̀ pé aago mẹ́wàá ni ọ̀gá mi kọ sí orí lẹ́tà náà, tí mo sì dé ní aago mẹ́ta ku díẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Iléṣà kò ju bíi wákàtí kan lọ sí Òṣogbo lórí alùpùpù.

Mo ní, "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, sà."

Ìyá mi fà á dìde. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń tù ú nínú, ó ń sọ fún un pé bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀gá mi ń sunkún. Mo jókòó síwájú wọn, mo sì jẹ́ kí ìyá mi máa tù ú.