Epo Alhaja àti Ọ̀fun Ṣukúrá

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà nọ́ọ̀sì, ẹ fún ọmọ tí nọ́ọ̀sì ní kó má jẹun ní oúnjẹ. Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Abẹ́òkúta ni a ti ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, tí iná àti kámẹ́rà wà lórí rẹ̀, wo ọ̀fun àti inú àwọn ọmọdé. A kì í fi wòran lásán. A fi ń yọ owó ẹyọ tí ọmọ gbé mì, a sì fi ń la ọ̀nà oúnjẹ tó bá dí.

Ti Ṣukúrá dí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, aládìrẹ kan ní Òwu, ló ń gbé. Alhaja ni gbogbo wa ń pe ìyá náà. Ó rọ omi kọ́ọ́sítíìkì tí wọ́n ń pò mọ́ aró sínú ike mínírà, ọmọ rò pé ohun mímu ni, ó gbé e mu. Bí ariwo ta, Alhaja da epo pupa sí i lẹ́nu kó lè pa oró náà. Ọmọ bì. Ohun tó jó o nígbà tó ń lọ tún jó o nígbà tó ń bọ̀. Nígbà tí egbò jinná, ọ̀nà ọ̀fun ti súnkì, Ṣukúrá sì rù kan eegun.

Dókítà ní a óò fún un lábẹ́rẹ́ oorun, a óò ki fèrè rọ́bà kékeré kan, bíi bàlúùnù ọmọdé, bọ ọ̀fun rẹ̀, a óò sì fẹ́ ẹ kí ọ̀nà lè là. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

“Ẹ kú àárọ̀, Alhaja. Ṣukúrá ò jẹ nǹkan kan, àbí?”

“Kò jẹun rárá, nọ́ọ̀sì. Epo díẹ̀ ni mo fún un, kí rọ́bà yín lè yọ̀ wọlé. Ṣebí epo l'ẹ̀rọ̀.”

Inú bí mi gan-an. “A ò lè ṣe é lónìí mọ́ nìyẹn!”

“Ẹ ṣàánú mi, ọmọ yìí ò lókun mọ́.”

“Bí epo yẹn bá gòkè wá lójú oorun, ẹ̀dọ̀fóró ló máa bọ́ sí, Alhaja.”

A fa omi sí ọmọ lára di ọjọ́ kejì. Lọ́sàn-án yẹn, dókítà fi àwòrán ọ̀fun rẹ̀ han Alhaja. Ó wò ó pẹ́.

“Ṣé epo mi ló fà á?”

“Kọ́ọ́sítíìkì ló jó o,” ni mo wí. “Èébì ló tún un jó.”

Ó bú sẹ́kún. Ìbínú mi tán. Ìyá tèmi náà ì bá wá epo ni.

Ní ọjọ́ kejì, fèrè la ọ̀nà náà díẹ̀. Wọ́n ṣì máa padà wá, nítorí iṣẹ́ yìí kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Nírọ̀lẹ́, dókítà ní kí a fún un ní ògì. Alhaja ti ife náà sọ́dọ̀ mi.

“Ẹ bá mi fún un. Ẹ̀rù ọwọ́ mi ń bà mí.”

Mo dá a padà fún un. “Ọwọ́ yín ló mọ̀, Alhaja.”

Ó bu ṣíbí kan fún un. Ọmọ gbé e mì. Gbogbo wa ń wò bóyá yóò padà. Kò padà. Ṣukúrá tún la ẹnu.