Bàbá Ìbejì àti Rédíò Tó Ń Dákẹ́

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọkọ mi fi ṣètò orin fún àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní ilé-iṣẹ́ rédíò àdúgbò wa. Láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di aago méjìlá ọ̀sán, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ètò tí wọ́n ń pè ní “Ẹ Kú Ìsinmi” ló ń ṣe. Òun ló ń yan orin, òun ló ń sọ̀rọ̀ láàárín orin, òun náà ló ń gbé fóònù nígbà tí àwọn arúgbó bá pè láti sọ pé orin àná dára ju tòní lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, mo gbà pé ọjọ́ tí òun náà bá fẹ̀yìntì, àwa méjèèjì á sinmi. Mi ò mọ̀ pé ariwo tó ń ṣe níbi iṣẹ́ ló fẹ́ kó wá sílé.

Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí àwọn ìbejì wa tí wọ́n ti wà nílé ọkọ báyìí. Láti ọjọ́ kìíní tó ti fẹ̀yìntì, bí aago mẹ́wàá bá ti ń súnmọ́, á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là, á fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé sápò àyà, á wá jókòó ti rédíò ní pálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Á ṣí ìwé àjákọ kan sórí itan. Gbogbo orin tó bá dún ló ń kọ sílẹ̀, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, àti àṣìṣe tó wà níbẹ̀.

Àṣìṣe ò sì lè ṣàìwà níbẹ̀. “Orin ijó méjì tẹ̀ lé ara wọn! Ṣé ọmọ yìí ò mọ̀ pé àwọn àgbà ní orúnkún ni?” Ní aago mọ́kànlá, á tún pariwo: “Orin gígùn ló fi síbẹ̀ yẹn o! Aago oògùn wọn nìyí! Ẹnì kan á tẹ́tí sí orin, á gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru!” Màá wà ní ṣọ́ọ̀bù, màá máa gbọ́ ọ. Aránṣọ ni mí, yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tó sú mi, mo ti ilẹ̀kùn tó wà láàárín wa, mo sì tẹra mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ọmọbìnrin tó gbapò rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ọmọ náà mọ ọ̀wọ̀, ó sì mọṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ ni pé kì í ṣe ọkọ mi. Kò tíì pé oṣù kan tó débẹ̀ tí Bàbá Ìbejì fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́pà. Ó ní nígbà mìíràn, rédíò máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó sì dá òun lójú pé ẹ̀pà ni ọmọ náà ń jẹ lọ́wọ́ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún ẹni tí kò bá oníṣẹ́ rédíò gbélé rí. Bí èèyàn bá ṣi orúkọ pè, wọ́n á dárí jì í. Bí orin bá há, wọ́n á tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kí rédíò dákẹ́, kí nǹkan kan má dún rárá, ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni ni. Ẹni tó ń gbọ́ á rò pé ilé-iṣẹ́ náà ti kú, á sì yí bọ́tìnnì lọ síbòmíràn.

Ló bá di pé kó máa pè wọ́n. “Ìwọ ọmọ yìí, o ti tún dákẹ́ o!” Màá gbọ́ ohùn ọmọ náà tó ń ti inú fóònù jáde, nítorí pé ọkọ mi ti yí fóònù sókè débi tí àdúgbò fi ń gbọ́: “Ẹ má bínú, sà. A ò dákẹ́ o, sà.” Á pa fóònù, á ní òpùrọ́ ni.

Àjọṣe tèmi pẹ̀lú ọkùnrin náà kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màá pè é jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní dáhùn. Màá sọ fún un pé omi ti ń hó lórí iná, á jókòó síbẹ̀ títí omi á fi gbẹ. Ó kọ etí ikún sí mi, mo sì gba kámú. Ọkọ tí kì í dáhùn, ṣé tuntun ni? Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń dúpẹ́ ni pé kò bá ẹ̀rọ ìránṣọ mi jà mọ́. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti wà nílé, á ní ẹ̀rọ mi ń bo orin mọ́ òun létí. Mo rò pé àgbà ti ń dé sí i ni.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún tó ti fẹ̀yìntì, ó kọ ìwé ẹ̀sùn. Ojú ìwé méjì gbáko, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, rédíò dákẹ́ nígbà méje. Ó kọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ní kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Ó kà á sí mi létí, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá ó le jù. Mo ní ó le jù. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ,” mo wí. “Wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Oṣù tó ń bọ̀ ni oṣù mẹ́fà rẹ̀ máa pé. Bí ìwé yìí bá débẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ.”

“Kó máa lọ! Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lórí afẹ́fẹ́!”

“Ṣé ẹ rí ẹ̀pà ọ̀hún ni?”

“Mo gbọ́ ọ.”

Ìwé lọ.

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ̀gá àgbà náà níṣẹ́ nígbà tí obìnrin náà ṣì wà lọ́mọdé, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọkọ mi kì í balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn ètò sílẹ̀ lójoojúmọ́ ti bàjẹ́ tipẹ́, kò sí ohun tí wọ́n lè tún gbọ́. Ọ̀gá àgbà fún ọmọ náà ní ìwé pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ọmọ náà kọ èsì tí kò gùn: òun kò jẹ́ kí rédíò dákẹ́, ṣùgbọ́n òun bẹ̀bẹ̀ kí Dádì, ìyẹn ọkọ mi, wá bá wọn jókòó, kí wọ́n jọ gbọ́ orin àwọn ọjọ́ náà bó ṣe tẹ̀ léra, kí Dádì fi ibi tó ti dákẹ́ hàn wọ́n.

Inú ọkọ mi dùn bí ẹni tí wọ́n pè padà síṣẹ́. Ó ní dandan ni kí n tẹ̀ lé òun, èmi ni màá jẹ́rìí. Aṣọ àwọn obìnrin mẹ́ta wà nílẹ̀ tí mi ò tíì rán tán. Mo tẹ̀ lé e, nítorí pé mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé mi, ibi yòówù kó gbà jáde.

Sítúdíò náà ò ju yàrá ìdáná mi lọ. Kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n fi bo ara ògiri. Ọkọ mi lọ tààrà sórí àga tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jókòó lé, ọmọ náà sì dìde fún un. Ojú rẹ̀ ti wọ inú. Èèyàn á mọ̀ pé kò sùn.

“Dádì, ẹ sáà sọ ibi tó bá ti dákẹ́ fún wa,” ọ̀gá àgbà wí.

Ọmọ náà tẹ kọ̀ǹpútà. Orin àkọ́kọ́ dún, ọkọ mi mirí, ó ní ohùn olórin náà ti há díẹ̀ ṣùgbọ́n òun gbà á. Ó parí. Orin kejì bẹ̀rẹ̀. Orin tuntun ni, àwọn ọ̀dọ́ kan ló kọ ọ́, mi ò gbọ́ ọ rí. Fèrè kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohùn tín-ín-rín, tó ń lọ sókè jẹ́jẹ́.

Ọkọ mi na ọwọ́ sókè. “Ẹ gbọ́! Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ báyìí?”

“Kí la gbọ́, sà?” ọ̀gá àgbà bi í.

“Ó ti dákẹ́!” Ó gbé ọwọ́ tó ní aago síwájú. “Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá rèé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ogún! Ẹ máa bá mi kà á o!”

Fèrè náà ń dún. Ó gba gbogbo inú yàrá. Ọkọ mi ń ka aago lé e lórí, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń nawọ́ sí ọmọ náà bí ẹni tó mú olè. Ọgbọ̀n. Ogójì. Nígbà tó di àádọ́ta ni ohùn ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú gìtá. “Hẹn-ẹn!” ó wí. “Ó ti jẹ ẹ̀pà tán!”

Ọ̀gá àgbà wo ojú mi. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ tí ọwọ́ rẹ̀ ì bá fi mọ́. Mo dúró kó sọ ọ́. “Ẹ má bínú, sà,” ló wí. Ọ̀gá àgbà náà ní, “Dádì, ẹ ṣeun, a ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.” Mo rí i pé wọ́n á bọ̀wọ̀ fún ọkọ mi títí iṣẹ́ á fi bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ara mi gbóná.

“Bàbá Ìbejì, fèrè ni.”

“Fèrè wo?”

“Fèrè tó ń dún látìgbà tẹ́ ẹ ti ń ka aago!”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ó wo ti ọ̀gá àgbà, ó wo ti ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ náà tún un gbé sí i. Ó ní kó gbé e sókè, kó tún gbé e sókè sí i. Ariwo fèrè náà pọ̀ débi tí mo fi di etí mi méjèèjì. Ọkọ mi tẹ ọwọ́ mọ́ ara sípíkà, ó tẹ orí síbẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin onígìtá wọlé ló tó fọwọ́ kúrò.

“Àwọn orin tèmi ńkọ́?” ó wí nígbà tó yá. “Fèrè wà nínú wọn. Ṣé mo ń gbọ́ wọn ni, àbí mo kàn mọ̀ wọ́n ni?”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú tún bí mi sí ara mi. Gbogbo oṣù tí mo fi ń bú u nínú ọkàn mi pé kò fẹ́ dá mi lóhùn.

“Tíṣà kan wà,” ó tún wí. “Ó ti fẹ̀yìntì tipẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ń pè mí pé mo máa ń dákẹ́. Mo ní kó lọ ra bátìrì. Orí afẹ́fẹ́ ni mo ti sọ ọ́ fún un o. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Kò pè mí mọ́ títí tó fi kú.”

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó la ẹnu. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rí ìwé ẹ̀sùn náà lòun ti mọ̀. Gbogbo aago tí Dádì kọ síbẹ̀ ló bá orin mẹ́ta kan mu, orin tuntun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fèrè ló sì bẹ̀rẹ̀ wọn. “Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé, sà.”

“Ìwọ náà!” mo pariwo mọ́ ọn. “Wọ́n fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, o ṣì ń bọ̀wọ̀ fágbà!”

Ọkọ mi gba ìwé ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, ó yọ lẹ́ẹ̀dì, ó rò ó, ó dá a padà sápò, ó sì tọrọ bírò. Ó kọ ọ́ gbàgàdà sórí rẹ̀ pé: “Rédíò kò dákẹ́ rárá. Etí mi ni.” Ó fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́ àti aago sí i, ó ní kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alága pẹ̀lú. Ọ̀gá àgbà sọ fún ọmọ náà níwájú wa pé kó wá gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ bí oṣù mẹ́fà rẹ̀ bá pé. Ọmọ náà nu ojú, ó bi ọkọ mi bóyá kí òun yọ àwọn orin náà kúrò nínú ètò.

“Yọ ọ́ kúrò kẹ̀? Ta ló ní kó o yọ ọ́? Kí ló dé tí o ò kàn sọ fún àwọn èèyàn kó tó bẹ̀rẹ̀?”

Ní Mọ́ńdè, mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo lọ jókòó tì í ní pálọ̀. Orin mélòó kan lọ, lọmọ náà bá sọ̀rọ̀: “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, fèrè nìkan ló máa kọ́kọ́ dún báyìí o, fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, rédíò yín ò bàjẹ́. Ẹ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.”

“Ó yára sọ̀rọ̀ jù,” ọkọ mi wí, ó ti ń wá fóònù kiri. Mo ti jókòó lé e.

Fèrè bẹ̀rẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó ń wo ojú mi bí ẹni ń kàwé.

“Ṣé ó ń dún?”

“Ó ń dún.”

“Ó ṣì ń dún?”

“Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ n gbọ́!”

Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí, bí ẹni tí ojú ń tì: “Ṣé ó dùn?”

“Ó dùn,” mo wí. Ó dùn gan-an ni, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn.